Kí Ló Ń Mú Ara Le? Ilé, Iṣẹ́, Ẹ̀jẹ̀ àti Ìrònú ní Manchester

Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ ti gbọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́nu àwọn òbí yín lórí fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ fún mi pé òun máa ń ka iye ìbéèrè tí màmá òun ń béèrè kí ó tó sọ ohun tó torí ẹ̀ pe èèyàn. Lọ́jọ́ kan, ó kà á dé mọ́kànlá. Ó ń fi ṣe ẹ̀rín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìbéèrè náà dáadáa. Ilé, ọmọ, iṣẹ́, ọjà, òtútù. Ṣé ẹ rí i pé nígbà tí a bá ń béèrè àlàáfíà ẹnì kan, ohun tó yí i ká la ń béèrè jù? Àwọn onímọ̀ ìlera ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí láti fi hàn pé ilé, iṣẹ́ àti àdúgbò wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ara èèyàn á le tàbí kò ní le. Ó ti wà nínú ìkíni wa tipẹ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ èdè ni mo fi gba oyè kejì mi ní yunifásítì, kì í ṣe ìṣègùn. Nítorí náà, ẹ má fi ohun tí mo kọ rọ́pò dókítà. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó mú ìyá rẹ̀ àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó sì ṣe ògbufọ̀ fún un. Màmá ní: "Ó ń rẹ̀ mí, orí mi ń gbóná, mo sì máa ń ronú." Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ: ó rẹ màmá, orí màmá gbóná, màmá sì máa ń ronú. Dókítà fi ẹ̀rọ wo bóyá ibà wà lára màmá. Kò sí. Ó ní kí màmá lọ sinmi. Nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ fún mi ní kíláàsì, mo jókòó. Nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn, ọ̀kan kan ò dúró fún ohun tí dókítà gbọ́. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ màmá níwájú.

Ìlera àti àlàáfíà

Inú "le" àti "ara" ni "ìlera" ti wá. Ohun tó le kò tètè fọ́, kò tètè ya. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "ara mi le" tàbí "ara mi ò le". "Àlàáfíà" ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Lárúbáwá, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ mọ́ pé àlejò ni. Ó gbòòrò ju ìlera lọ. Ẹni tí kò ní ibà, tí orí ò fọ́, ṣùgbọ́n tí onílé ti ní kó kó jáde lóṣù tó ń bọ̀, ara rẹ̀ le, àmọ́ kò ní àlàáfíà. Ìwé òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1948, sọ pé ìlera kì í ṣe àìsí àrùn nìkan, pé ó kan ara, ọkàn, àti bí èèyàn ṣe ń gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn. Ẹ ò rí i pé "àlàáfíà" ni wọ́n ń wá?

Ní ọdún 1991, Göran Dahlgren àti Margaret Whitehead ya àwòrán kan tí àwọn olùkọ́ ìlera ṣì ń lò káàkiri ayé. Òṣùmàrè ni wọ́n ń pè é nítorí bó ṣe rí. Èèyàn fúnra rẹ̀ ló wà láàárín: ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ohun tó jogún nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tó yí i ká ni ìṣe rẹ̀, bí ohun tó ń jẹ àti bóyá ó ń mu sìgá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé, iṣẹ́, omi, ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ilé ìwòsàn. Ìlà tó wà lókè pátápátá ni ètò ọrọ̀ ajé, òfin ìlú àti àyíká. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àwòrán náà ni pé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n ń há fún wa ní ilé ìwòsàn máa ń dúró lórí ìlà àkọ́kọ́ yẹn: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ rìn síi, ẹ sùn dáadáa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ pé kó sùn dáadáa, kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Ìlú tí òṣìṣẹ́ kì í ti í dàgbà

Ìlú tí à ń gbé yìí wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn gbangba. Ní ọdún 1842, Edwin Chadwick gbé ìròyìn jáde nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé ní Britain. Ó ṣírò ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí àwọn èèyàn ń kú. Ní Manchester, àwọn ọlọ́lá àti àwọn amọṣẹ́dunjú ń kú ní ọdún 38. Àwọn oníṣòwò, 20. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn, 17.

Ẹ dúró ná. Kì í ṣe pé gbogbo òṣìṣẹ́ ń kú nígbà tí wọ́n bá pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìpíndọ́gba ni. Àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú ló pọ̀ tó fi wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ já lè gbé dé àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gba àfiyèsí ni pé Chadwick fi Manchester wé Rutland, ìgbèríko tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò tó ti Manchester. Ní Rutland, ọlọ́lá ń kú ní 52, oníṣòwò ní 41, òṣìṣẹ́ ní 38. Ẹ tún un kà. Òṣìṣẹ́ oko ní Rutland ń lo iye ọdún kan náà láyé pẹ̀lú ọlọ́lá ní Manchester. Owó nìkan kọ́, nígbà náà. Ibi tí èèyàn ń gbé náà ń pa á.

Friedrich Engels, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ òwú níbí, dé Manchester lọ́dún 1842 kan náà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1845. Ó kọ nípa àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Little Ireland, lẹ́bàá odò Medlock, nítòsí ibi tí ibùdókọ̀ ojú irin Oxford Road wà lónìí. Àwọn ilé kéékèèké, èèyàn púpọ̀, omi ìdọ̀tí, èéfín. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí kíláàsì, mo sì máa ń rò ó.

Kí ló yí i padà? Kì í ṣe oògùn ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ adágún omi sí àfonífojì Longdendale ní 1848. Ní 1894, omi láti Thirlmere, tó jìnnà ju 90 máìlì lọ, dé ìlú. Nípa èéfín, ọdún 1952 ni Manchester sọ àárín ìlú di ibi tí èéfín èédú ò gbọ́dọ̀ ti jáde, ọdún mẹ́rin kí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè tó dé. Dókítà ò lè kọ omi tó mọ́ sínú ìwé oògùn. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ló fà á wá.

(Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: nígbà tí òwú sọ ìlú yìí di ọlọ́rọ̀, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí aṣọ rẹ̀ ń lọ. Ní Hyde, níbí nítòsí, ni wọ́n ti ń tẹ àǹkárá ABC fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè jẹ́ pé aṣọ àwọn ìyá ńlá yín ti mọ ojú ọ̀nà Manchester ṣáájú yín.)

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Ní ọdún 2010, ìròyìn tí Michael Marmot darí fi hàn pé àwọn tó ń gbé ní àdúgbò tó tòṣì jù ní England máa ń kú ní nǹkan bí ọdún 7 ṣáájú àwọn tó ń gbé ní àdúgbò tó lọ́rọ̀ jù. Tí a bá sì ka iye ọdún tí èèyàn fi ń gbé láìní àìlera tó ń dí i lọ́wọ́, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ọdún 17.

Ohun dúdú tó wà lára ògiri

A máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìlú òtútù yìí, ẹ jẹ́ ká wo ilé fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní Rochdale, ní Greater Manchester níbí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì ni. Ọmọ Sudan ni àwọn òbí rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé ohun dúdú tó ń hù lára ògiri ilé wọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mould, ló ba ibi tí ọmọ náà fi ń mí jẹ́. Láti 2017, kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ni bàbá rẹ̀ ti ń fi ẹjọ́ ògiri yẹn sùn. Wọ́n ní kó kùn ún. Àwọn tó ni ilé náà gbà lẹ́yìn náà pé àwọn ti gbà lọ́kàn pé ìgbé ayé ìdílé náà ló fà á, àti pé àwọn ò tọ̀nà.

Ẹ padà sórí òṣùmàrè. Ohun tó wà ní ìlà ilé ni wọ́n gbé lọ sí ìlà ìṣe ẹni. Mo mọ bó ṣe ń rí, bí tèmi ò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbí, iyàrá tí mo háyà máa ń rin gbindin, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ń rùn. Nígbà tí mo pe ẹni tó ń bá onílé gba owó, ó ní mo ń sá aṣọ sínú ilé, pé kí n máa ṣí fèrèsé. Ní oṣù Kejì! Mo ṣí i. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ikú ọmọ yẹn ló bí òfin tí wọ́n ń pè ní Òfin Awaab, tó wà nínú òfin ilé ìgbé ti 2023, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Tí ewu tó wà nínú ilé bá jẹ́ kánjúkánjú, onílé gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i láàárín wákàtí 24. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rinrin àti ohun dúdú tó lè pa ara lára, ó gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kó sì mú ewu náà kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn àyẹ̀wò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn àjọ onílé tí wọn kì í ṣe aládàáni nìkan ló kàn. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn òbí yín, pàápàá àwọn tó máa ń sọ pé "a ò fẹ́ wàhálà". Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó máa bá wọn kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò ni "ọ̀rinrin", "ògiri ń rin", "omi ń jò láti òkè", "ó ń hù padà lẹ́yìn tí a bá nù ún".

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru láìpariwo

Kò sí ilé Yorùbá tí mo mọ̀ ní Manchester tí wọn kì í ti í dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà. A ń sọ pé òkun ń ru. Ohun tó ń ru, ẹ ó rí i, ẹ ó gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi rò pé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, àwọn á mọ̀: ara á gbóná, inú á máa bí wọn, àyà á máa lù. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fi àmì kankan hàn, títí yóò fi ba ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́, tàbí kó fa rọpárọsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń fi í hàn ni kí a wọ̀n ọ́n.

Ẹ ti lè gbọ́ pé "àwa aláwọ̀dúdú, bí ẹ̀jẹ̀ wa ṣe rí nìyẹn". Mo gbọ́ ọ títí mo fi gbà á gbọ́. Ìwádìí kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ló yí mi lérò padà. Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 10,000 tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ti pé ọdún 25 sókè. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní Nàìjíríà, ní Igbó-Ọrà àti Ìbàdàn. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní Cameroon. Wọ́n sọdá sí Jamaica, St Lucia àti Barbados. Wọ́n sì parí rẹ̀ ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹni 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní erékùṣù Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n. Ohun tó ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Amẹ́ríkà ni ìwọ̀n ara àti iyọ̀ inú oúnjẹ.

Ní 2005, wọ́n fi àwọn aláwọ̀ funfun kún un. Ní Jámánì, ẹni 55 nínú 100 ló ní in. Ní Nàìjíríà, 14. Tí ó bá jẹ́ pé inú àwọ̀ dúdú ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé, kí ló wá ń wá nínú àwọn ará Jámánì?

Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti Indianapolis náà ṣe irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ lórí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Wọ́n fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn wé àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀dúdú. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ẹni 1.35 nínú 100 ni àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ilé dára ní gbogbo ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ́pọ̀ ní Èkó báyìí, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú níbẹ̀ nítorí ohun tí oògùn kékeré ì bá wò. Ohun tí ìwádìí náà sọ ni pé ohun tí a jogún kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tí màmá yín bá ti pé 40, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún un rí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn ní England máa ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú un lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ ra iṣu.

Ohun tí a jogún

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí a jogún lóòótọ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ẹni tó bá jẹ́ SS ló ní àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ tú orúkọ náà palẹ̀: ó kú lónìí, ó dìde lọ́la. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti jókòó ti ẹni tí ìrora náà mú, ó ti rò pé ó parí, ó sì ti rí i tó ń jẹun ní ọjọ́ kejì.

Kí ló dé tó fi pọ̀ láàárín wa? Ní 1954, A. C. Allison fi hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í lè pa ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ tó jẹ́ AA. Níbi tí ẹ̀fọn wà, AS jẹ́ asà. Ní Manchester, níbi tí ibà ẹ̀fọn ò sí, asà náà ò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa. Gbogbo ọmọ tuntun ní England ni wọ́n ń gún ní gìgísẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tí ẹ jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra òrùka.

Awọ ara wa náà nìyẹn. Ó bá oòrùn Ọ̀ṣun àti Ògùn mu. Oòrùn Manchester, tó bá tilẹ̀ yọ, kò lágbára tó láti mú kí ara wa ṣe fítámì D tó pọ̀ tó. Ìjọba gba gbogbo èèyàn nímọ̀ràn láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta, wọ́n sì ní kí àwọn tí awọ wọn dúdú rò ó láti lò ó jálẹ̀ ọdún. Nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ bo ìlú yìí, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun gan-an ni eegun wọn rọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ nítorí àìrí oòrùn.

Iṣẹ́ alẹ́, ìwé ìgbélùú, àti ìrònú

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni òbí yín ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ní ilé ìkẹ́rùsí. Ara èèyàn ní aago tirẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun ní agogo mẹ́ta òru fún ọ̀pọ̀ ọdún ń bá aago yẹn jà. Ìwádìí sì ti fi hàn pé àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Kí ẹ má kàn sọ pé "mọ́mì mi máa ń kanra".

Ìwé ìgbélùú náà wà lára ọ̀rọ̀ ìlera. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá ń tọrọ físà ń san £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè lo NHS; akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé, £776. Àwọn tó wá pẹ̀lú físà ìtọ́jú ìlera kì í san án. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ìdílé ẹni mẹ́rin, kí ẹ sì rántí pé wọ́n tún ń yọ owó orí lára owó oṣù wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ èyí: fíforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò jẹ́ ọ̀fẹ́ ní England, kò sì pọn dandan kí èèyàn fi ìwé ìgbélùú hàn. Mo mọ ẹni tó fi ọdún méjì bẹ̀rù rẹ̀ lásán.

Ìrònú wá ńkọ́? Ní Yorùbá, "ó ń ronú" lè túmọ̀ sí pé èèyàn ń fi ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá sọ pé "mo máa ń ronú", pẹ̀lú ohùn kékeré, ìbànújẹ́ ló ń sọ, àìrórunsùn, ìdánìkanwà. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, mọ èyí dáadáa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní 1954, kò fẹ́ kó gbogbo àwọn tí ọkàn wọn dàrú tì mọ́ inú ilé ńlá kan. Ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí Àrò ká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, kí mọ̀lẹ́bí kan sì bá aláìsàn wá. Lọ́sàn-án wọ́n á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sí ibi tí èèyàn ń se ọbẹ̀, tí ọmọdé ń sáré kiri. Ilé ayé gbọ́ nípa Àrò. Ìlà kejì inú òṣùmàrè ni Lambo sọ di oògùn, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó ya àwòrán náà.

Ní Manchester, àwọn obìnrin kan náà ti ṣe irú rẹ̀. Kath Locke, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Abasindi sílẹ̀ ní Moss Side ní 1980, níbi tí àwọn obìnrin aláwọ̀dúdú ti ń dúró ti ara wọn. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára Kath Locke Centre tí ẹ ń rí ní Moss Lane East.

Ọ̀rọ̀ màmá

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ màmá àti gbólóhùn mẹ́ta. "Ó rẹ̀ mí" lè jẹ́ ohun tí èèyàn ń sọ lẹ́yìn iṣẹ́. "Ó ń rẹ̀ mí", lẹ́nu àgbàlagbà, sábà máa ń jẹ́ pé ara òun ò yá. "Orí mi ń gbóná" kì í ṣe ibà. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún "àyà". "Àyà mi ń já" jẹ́ ẹ̀rù. "Àyà ń dùn mí" jẹ́ ìrora, ó sì lè jẹ́ ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ pe 999. Ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn láé.

Mo sọ fún ọmọ náà pé NHS ní láti wá ògbufọ̀ fún aláìsàn tó bá nílò rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé kò yẹ kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ yẹn lé ọmọ inú ilé lọ́wọ́. Ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́. Ìdí mìíràn ni pé àwọn nǹkan kan wà tí màmá kò ní sọ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n padà lọ. Ògbufọ̀ wà lórí fóònù, obìnrin kan tó ń sọ èdè Ìjẹ̀ṣà bíi ti màmá. Ọmọ náà jókòó síta. Ó ní òun gbọ́ ohùn màmá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ màmá ń ru. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ kọ́ nìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé àjà keje lòun ń gbé, pé lífítì ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé òun ò tíì rí ẹni tó kí òun ní "ẹ kú àárọ̀" láti ọjọ́ náà. Dókítà kọ lẹ́tà méjì lọ́jọ́ yẹn: ọ̀kan fún ilé oògùn, èkejì fún àwọn tó ni ilé, nípa lífítì.